Àárín ọwọ́ méjì ni iṣẹ́ ti ń bọ́

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi ti kún títì láti Ìta-Ẹlẹ́wà, àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ sì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bàtà lọ́wọ́, ṣòkòtò ká dé orúnkún. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ páànù ni, ní Odógunyàn níbí, ní Ìkòròdú. Èmi ni máníjà tó ń bójú tó ṣíìfù òru àti ti ọ̀sán. Mo ń po tíì mi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe. Igbe náà ò gùn. Ariwo ẹ̀rọ ló ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó pa á.

Nígbà tí mo fi sáré débẹ̀, wọ́n ti pa iná. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ há sáàárín rólà kẹrin, ìka méjì lára ìbọ̀wọ́ náà ti tẹ́ pẹlẹbẹ bíi páànù. Ìka tirẹ̀ méjì ló fọ́. Dókítà tò wọ́n padà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò ká mọ́ títí dòní. Lórí rólà náà, ibi tó yẹ kí irin ìbòrí wà ṣófo.

Mẹkáníìkì òru ni gbogbo wa kọ́kọ́ bínú sí. Òun ló yọ ìbòrí náà ní nǹkan bí aago mẹ́rin òru, bóòtì tó máa fi dè é padà sì wà ní sítọ́ọ̀, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ kì í dé kó tó di aago méje. Mo pè é lórí fóònù, mo sì fẹ́ gbá a lójú pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, mo kọ ọ́ sílẹ̀.” Mo lọ wò ó. Lóòótọ́ ló kọ ọ́: “Mo ti yọ ìbòrí rólà 4. Ẹ má tan ẹ̀rọ.” Ọjọ́ wà níbẹ̀, àkókò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé àwọn mẹkáníìkì ló kọ ọ́ sí, nínú yàrá wọn lẹ́yìn. Ìwé tí àwọn tó ń tan ẹ̀rọ ń kà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwé méjì, ilé kan, ẹ̀rọ kan.

Ní 6 July 1988, irú nǹkan yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní Piper Alpha, ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun ní ìhà Scotland. Wọ́n ti tú páǹpù kan sílẹ̀ fún àtúnṣe, wọ́n sì yọ fáàfù kan lára rẹ̀. Ìwé kan wà fún páǹpù, ìwé mìíràn wà fún fáàfù. Nígbà tí páǹpù kejì kú lóru, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí ìwé páǹpù, wọn ò rí ti fáàfù. Wọ́n tan páǹpù náà. Èèyàn 167 ló kú. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹni tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, torí kò sí ọ̀lẹ kan nínú rẹ̀. Oníkálukú ṣe tirẹ̀. Àárín ọwọ́ ẹni tó ń gbé e sílẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tó ń gbà á ni ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Kí n tó padà sílé wá ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìyẹ́ bàálù, fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ọkọ̀ òfúrufú láti ìgbà tó bá balẹ̀ títí tí yóò fi gbéra. Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń kúrò ní Ìkòròdú kí n lè débi iṣẹ́ ní márùn-ún. Ẹni tó bá ń wò wá láti ojú fèrèsé á rò pé èèyàn díẹ̀ ni wá. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí kan tí ọkọ̀ bíi Boeing 737 fi wà nílẹ̀, àwọn tó ń sọ ẹrù, àwọn onítẹ́ńkà epo, àwọn tó ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀, àwọn olóúnjẹ, àwọn tó ń fa ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́, injíníà, àti àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ fún ẹni tí kò lè rìn, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n sì jáde láì kọlu ara wọn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ tó ń san owó oṣù ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Bí ọkọ̀ bá pẹ́, nọ́ńbà kan wà tí a máa ń kọ láti fi sọ ẹni tó fà á. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń lo nọ́ńbà wọ̀nyí: 32 ni ti ẹrù, 35 ni ti gbígbá inú ọkọ̀, 36 ni ti epo, 93 sì ni pé ọkọ̀ náà ti pẹ́ láti ibi tó ti ń bọ̀. Àfi ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló lè mọ ìjà tí a máa ń jà lórí nọ́ńbà wọ̀nyí láràárọ̀. 93 ni gbogbo ènìyàn fẹ́, torí kò sí ẹnikẹ́ni lójú ibẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Wákàtí tó yẹ ká fi wá ìdí ọ̀rọ̀ la fi ń ti ẹ̀bi síra wa lọ́rùn.

Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 35 la ń kọ sára ọkọ̀ àárọ̀ kan. Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn tó ń gbálẹ̀, Màmá ni gbogbo wa ń pè é, ti gba ìwé ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ̀kẹta ń bọ̀, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí.

“Ọmọ mi, ṣé o ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ yẹn rí?”

Mo ní, “Rárá, mà.”

“Wá dúró síbẹ̀ lọ́la.”

Mo lọ dúró. Èrò sọ̀ kalẹ̀ wàrà-wàrà, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó mẹ́ta ṣì jókòó sẹ́yìn, àpò wọn lórí itan, wọ́n ń retí kẹ̀kẹ́. Bí èrò kan bá ṣì wà nínú ọkọ̀, àwọn agbálẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀. Màmá àti àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń wò mí. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kọjá kí kẹ̀kẹ́ tó dé, àwọn tó ń tì í sì ti làágùn. Mo bi wọ́n léèrè pé níbo ni wọ́n wà. Wọ́n ní ibòmíràn ni àwọn ti ń dúró, pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé wọ́n ti yí ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí padà. Wọ́n sì ń yí i padà lẹ́nu ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn nítorí àtúnṣe kan. Orí wọkitọ́kì la ti ń kéde rẹ̀. Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ò ní wọkitọ́kì, torí ilé-iṣẹ́ mìíràn ni tiwọn. Èmi gan-an ni mo máa ń kéde rẹ̀ láràárọ̀, mo sì rò pé gbogbo ayé ti gbọ́.

Wọkitọ́kì kan péré la fún olórí wọn, ọ̀rọ̀ 35 sì tán. Mo bẹ Màmá. Ó gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fa ìwé ìkìlọ̀ méjèèjì yẹn ya, ó sì yẹ kí n ti jà fún un ju bí mo ṣe jà lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà nípa Munich, ní Jámánì, tó jẹ́ pápákọ̀ òfúrufú àkọ́kọ́ ní Yúróòpù tó fi ètò kan ṣiṣẹ́ ní kíkún ní 2007. Kókó ètò náà ni pé gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan ọkọ̀ kan, títí dé àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú òfúrufú, ń wo àkókò kan náà: àkókò tí ọkọ̀ máa ṣetán láti kúrò lójú ìdúró. Bó bá yí, lójú gbogbo wọn ló ti yí. Bí mo ṣe ń kà á, ojú Màmá ni mo ń rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Odógunyàn. Ìkìlọ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sílé láì fi iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Kò yí nǹkan kan padà. Mo wá lọ dúró ní géètì ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ òru ti gbé báàgì kọ́rùn. Bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ti ń tẹ fèrè, torí mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń gbéra, ẹni tó bá sì pàdánù rẹ̀ á fi owó ara rẹ̀ gun ọ̀kadà dé Sábó, á tún wọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ta ló máa dúró de ẹni tí òjò dá dúró lọ́nà? Bọ́ọ̀sì ni kò jẹ́ kí ọwọ́ méjì pàdé.

Mo ní kí wọ́n sún bọ́ọ̀sì sí mẹ́fà ààbọ̀, kí wọ́n sì san owó ìdajì wákàtí yẹn. Akáǹtáǹtì bi mí pé èló ló máa jẹ́ lóṣù. Mo gbé ìwé owó tí a san nílé ìwòsàn sórí tábìlì, mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n sún bọ́ọ̀sì.

Lójú ẹ̀rọ ni a ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa báyìí. Ìwé kan ṣoṣo ló wà, ṣéènì la fi so ó mọ́ ẹ̀rọ, mẹkáníìkì ń kọ sínú rẹ̀, atanná, ìyẹn ẹni tó ń tan ẹ̀rọ, ń kọ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbà á á béèrè pé, “Kí lo ṣí tí o ò tíì dé? Ìró wo lo gbọ́ lóru tí o ò gbọ́ lánàá?” Ohunkóhun tí wọ́n bá dá a lóhùn, á fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ, bí awakọ̀ òfúrufú ṣe máa ń tún ọ̀rọ̀ ẹni tó ń darí rẹ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi títún-un-sọ yìí la ti ń rí i pé ohun tí wọ́n wí kọ́ lèyí èkejì gbọ́.

Aládùúgbò mi kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Egbin ló kọ́ mi ní ti àgádágodo. Ibùdó iná yẹn ní ẹ̀rọ mẹ́fà, 220 mẹ́gáwáàtì ni agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ìwé ò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú.” Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ wa báyìí á fi àgádágodo tirẹ̀ ti súìṣì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú àpò rẹ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́, àgádágodo mẹ́ta ni. Kò sẹ́ni tó lè tan án àfi bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jáde.

Ti bọ́nọ́ọ̀sì, màá sọ ọ́ ṣókí. Iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n bá tẹ̀ ni wọ́n fi ń san ti àwọn atẹ-páànù; bí owó ìpààrọ̀ irin bá ti kéré tó ni wọ́n fi ń san ti mẹkáníìkì. Bẹ́rìn, irin tí rólà fi ń yí, á máa ké, àwọn atẹ-páànù á dákẹ́ kí iṣẹ́ má dúró, mẹkáníìkì náà á dákẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀. A wá pa á pọ̀: páànù tó dára, tó jáde ní géètì lọ́jọ́ tí a dá fún oníbàárà, òun nìkan la ń kà fún gbogbo wa. Fọ́máànù kan tó já fáfá bínú kúrò nítorí rẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n màá tún ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni èyí tó jẹ mọ́ àwa Yorùbá gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọ kejì tó dúró sódìkejì ẹ̀rọ ti rí i pé ìbòrí ò sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, omijé lójú: “Ẹ̀gbọ́n, mo rí i. Mo ti ń sọ ọ́ fún Bàbá.” Bàbá ni atanná wa, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ní, “Kí lo sọ?” Ó ní, “Mo ní ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà,’ kí n tó dé orí ọ̀rọ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.”

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 27 March 1977, ní Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Spain, èèyàn 583 ló kú nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú ńlá méjì kọlura nílẹ̀ nínú kùrukùru. Kó tó ṣẹlẹ̀, injíníà inú èyí tó ń sáré láti gbéra ti béèrè bóyá ọkọ̀ kejì ò tíì kúrò lọ́nà. Ọ̀gá awakọ̀ ní ó ti kúrò. Injíníà náà ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọdé máa pariwo “Dúró!” Wọn ò lè ṣe é. Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa, ẹnu rẹ̀ ò lè gbà á láti sọ “dúró” sí ẹni tó tó bàbá rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìwàkiwà. Mo wá rántí ibi tí bàálù ń dúró sí. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ wọlé á gbé apá méjèèjì sókè, á fi wọ́n dábùú ara wọn lókè orí. Awakọ̀ á dúró. Ọwọ́ kì í pe ènìyàn ní “o”, kì í pè é ní “ẹ”. Èyí la mú. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu á dábùú apá rẹ̀ lókè orí, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí i á dúró, àlàyé á tẹ̀ lé e. Bàbá ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe é fún òun kí gbogbo ilé rí i, ó sì dúró.

Lóṣù tó kọjá, mò ń rìn kọjá nínú fákítìrì, fóònù létí mi, oníbàárà kan ń bínú nítorí ẹrù rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọ tí ìka rẹ̀ fọ́ yẹn níwájú mi, apá rẹ̀ méjèèjì dábùú lókè orí, ìka kan tí kò ká mọ́ nà gbọọrọ. Mo dúró. Kírénì gbé rólù páànù kan kọjá láàárín àwa méjèèjì, ó gbé e lọ sọ̀ jẹ́jẹ́ sórí igi tí wọ́n tò dè é. Ọmọ náà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà,” ló wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.