Mo sanwó èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè Rọ́ṣíà ni mo gbọ́: ìrìnàjò mi sí òkè Káúkásù

Ohun tí àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti àbúrò mi kọ sí i lára ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni amọ̀nà yóò fi máa ṣàlàyé ohun gbogbo fún wa, láti Tbilisi, olú ìlú Jọ́jíà, títí dé Stepantsminda tó wà nítòsí ẹnubodè Rọ́ṣíà. A kò tíì jìnnà sí ìgboro tí mo fi mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọbìnrin amọ̀nà náà gbé gbohùngbohùn, ó sọ èdè Rọ́ṣíà lọ bí ẹni tí kò ní dákẹ́ mọ́, àwọn tó jókòó níwájú ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dá wọn lóhùn, lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí àwa tí a wà lẹ́yìn, ó ní, “Adágún omi nìyẹn, ẹ lè ya fọ́tò.” Ó parí. Bẹ́ẹ̀ owó tí mo san kò fi kọ́bọ̀ kan dín sí tiwọn.

Jọ́jíà tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ni, láàárín Rọ́ṣíà àti Tọ́kì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nítorí pé owó ilé ìwé ibẹ̀ kò gani lára tó ti ìlú Ọba. Àbúrò mi wà lára wọn, òun ni mo lọ wò ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Èdè àwọn onílẹ̀ kò bá ti Rọ́ṣíà tan rárá, wọ́n sì ní lẹ́tà 33 tiwọn tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti 1801 tí ọba Rọ́ṣíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ náà mọ́ tirẹ̀ títí di 1991, yàtọ̀ sí ọdún mẹ́ta péré tí wọ́n dá dúró láàárín 1918 sí 1921, abẹ́ Rọ́ṣíà ni wọ́n wà, ó sì hàn lẹ́nu wọn. “Marshrutka” tí wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì akérò, ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà ló ti wá; awakọ̀ wa kò sì lè fi fóònù sílẹ̀ láì kọ́kọ́ sọ “davai”, ìyẹn “ó dáa” ní èdè Rọ́ṣíà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kò ṣe lè sọ Yorùbá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí “okay” má yọ lẹ́nu wa.

Ní òkè Gudauri, a sọ̀ kalẹ̀ níbi ìrántí ńlá kan tí ògiri rẹ̀ yípo lórí bèbè àfonífojì, tí wọ́n fi àwòrán aláwọ̀ mèremère bo inú rẹ̀. Ìrántí ọ̀rẹ́ láàárín Rọ́ṣíà àti Jọ́jíà ni wọ́n pè é, ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni wọ́n sì kọ́ ọ, láti fi ṣàjọyọ̀ igba ọdún àdéhùn Georgievsk. Nínú àdéhùn yẹn, Ọba Erekle Kejì ti Jọ́jíà fi ilẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ààbò Ọbabìnrin Catherine ti Rọ́ṣíà. Nígbà tí Agha Mohammad Khan ti Páṣíà kógun wọ Tbilisi ní 1795, tó sì sọ ìlú náà di ahoro, àwọn aláàbò kò yọjú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dé láti gba ìtẹ́ fúnra wọn. Ẹni tó bá lè torí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrántí ọ̀rẹ́, ó láyà. Amọ̀nà wa kò sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò mi ló sọ ọ́. Òun náà ló gbà mí lọ́wọ́ oníṣòwò fìlà onírun kan tó fi èdè Rọ́ṣíà dá owó gọbọi lé mi lórí. Bí àbúrò mi ṣe fi ìwọ̀nba èdè Jọ́jíà tó gbọ́ ná an báyìí, owó náà já sí ìdajì, obìnrin náà sì fi oyin tọ́ wa lẹ́nu lọ́fẹ̀ẹ́.

A kò tíì rìn jìnnà sí ibẹ̀ tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú ọkọ̀. Rédíétọ̀ ti ń jò, ó sì dájú pé kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. A dúró lẹ́bàá títì nínú oòrùn, àwọn tírélà tó ń kó ẹrù láti Àméníà àti Tọ́kì lọ sí Rọ́ṣíà ń fẹ́ eruku lù wá. Mo kúkú lọ bá amọ̀nà náà, mo bi í léèrè owó mi. Ó ní kí n má bínú, pé àwọn tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀, àwọn ni wọ́n sì máa ń fún òun ní nǹkan tí ìrìn bá parí. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n èyí tó sọ tẹ̀ lé e mú mi dúró. Ó ní ìyá òun wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tú jáde sí ìgboro Tbilisi ní oṣù Kẹrin 1978, nígbà tí ìjọba fẹ́ yọ èdè Jọ́jíà kúrò nínú òfin gẹ́gẹ́ bí èdè ìlú, tí ìjọba sì fẹ̀yìn rìn. Òun fúnra rẹ̀ kò kọ́ èdè Rọ́ṣíà nílé ìwé. Iṣẹ́ yìí ló sọ òun di ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó ní òun kì í sọ ọ́ ní Tbilisi, àfi lórí òkè yìí.

Awakọ̀, bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ń tẹ́tí sí wa látẹ́yìn ọkọ̀, ó sì dá sí i. Amọ̀nà ló ń túmọ̀ fún wa. Bàbá náà ní Odesa ni òun ti ṣe iṣẹ́ ológun nígbà Sófíẹ́ẹ̀tì, pé nígbà náà èèyàn lè ta ọsàn títí dé Moscow láìsí ẹni tí yóò béèrè ìwé àṣẹ. Orin Rọ́ṣíà àtijọ́ ló ti ń dún nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀. Ọmọbìnrin náà bi í pé Sukhumi ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá bàbá náà sí, ní Abkhazia tó bọ́ lọ́wọ́ Jọ́jíà ní 1993, tí Rọ́ṣíà sì gbà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè lẹ́yìn ogun tí òun àti Jọ́jíà jà ní oṣù Kẹjọ 2008. Láti ìgbà náà kò fojú kan sàréè yẹn mọ́. Ó ní àwọn olóṣèlú ló ṣe é, ó sì padà sídìí rédíétọ̀ rẹ̀. Orin náà kò dákẹ́.

Stepantsminda dára, òkè Kazbek sì fi yìnyín bo orí, ṣùgbọ́n a ti pẹ́ débi pé fọ́tò nìkan ni a rí yà. Pasanauri tí a dúró sí lójú ọ̀nà àbọ̀ ló tù mí nínú. Khinkali ni oúnjẹ wọn níbẹ̀: ìyẹ̀fun tí wọ́n fi di ẹran lílọ̀ àti omi ọbẹ̀ sínú, tí wọ́n ká etí rẹ̀ pọ̀ sókè kí ó lè ṣeé dì mú. Èèyàn yóò fọwọ́ gbé e, yóò bu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ díẹ̀, yóò fa omi náà mu tán kí ó tó jẹ ìyókù. Ibi tí wọ́n ká pọ̀ yẹn, inú àwo ni wọ́n ń dá a padà sí. Ó ta díẹ̀, ó gbóná, iye rẹ̀ kò sì ju ohun tó yẹ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Rọ́ṣíà tó wà níwájú ọkọ̀ ti wá jókòó tì wá. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ló gbà sá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án 2022, nígbà tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkùnrin lọ sójú ogun ní Yukréìn, tí ọkọ̀ tò gọ́ọ́rọ́ sí ẹnubodè Lars, tí àwọn kan sì ń fi kẹ̀kẹ́ kọjá. Ó ní tí òun bá wọ ilé oúnjẹ ní Tbilisi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òun máa ń kọ́kọ́ sọ, kí wọ́n má baà wo òun níwòkuwò. Láti Pasanauri dé ilé, òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ amọ̀nà fún wa, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ni mo sanwó bíà rẹ̀.

Àbúrò mi kò yọ́ tó bẹ́ẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí,” ló sọ nígbà tí a délé. Nígbà tí àwọn ọmọ Rọ́ṣíà ya wọ Tbilisi ní 2022, owó ilé fò sókè, onílé rẹ̀ sì ní kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kẹ́rù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin onílé náà fi àsíá Yukréìn kọ́ fèrèsé, ògiri ilé rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí àwọn ọmọ Rọ́ṣíà máa lọ sílé. Ọmọ Rọ́ṣíà ló gbà sí yàrá náà, dọ́là ló sì ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ rán ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí onílé kọ owó ọdún kan sínú ìwé, kí ó jẹ́ lárì, owó Jọ́jíà, kí ó sì fọwọ́ sí i kí ọmọ yín tó tú ẹrù.