Òkè Tí Jefferson Kọ́lé Sí

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù August, lèmi àti àǹtí mi wakọ̀ lọ sí Charlottesville ní Virginia, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mo fẹ́ fojú ara mi rí Monticello, ilé Thomas Jefferson tó kọ Ìwé Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776. Orí òkè nilé ọ̀hún wà. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú ẹ̀, igbó àti òkè lẹ ó máa rí títí lọ, kò sáriwo ìlú kankan, ibẹ̀ ló ti wá yé mi ìdí tí Jefferson fi gbà pé àgbẹ̀ tó nílẹ̀ tiẹ̀ ni òpó orílẹ̀-èdè, tóun fúnra ẹ̀ ò sì fẹ́ràn ìlú ńlá àti báńkì rárá. Ilẹ̀ tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un tó éékà 5,000. Nígbà tó dààrẹ, ó ra ilẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Louisiana lọ́wọ́ Faransé ní 1803 káwọn àgbẹ̀ lè ríbi dáko sí.

Àmọ́ ta ló ń ro oko tiẹ̀? Ẹrú ni o. Láyé ẹ̀, ó ní ẹrú tó lé ní 600.

Yàrá ìjẹun ló kàn mí lára jù. Wọ́n ṣe àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yáná, ẹrú tó wà nísàlẹ̀ á kó ìgò wáìnì sí i, wáìnì á gòkè wá, àlejò ò ní rọ́wọ́ tó gbé e. Ilẹ̀kùn kan tún wà tó ń yí, wọ́n á to oúnjẹ sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á yí i, oúnjẹ á bọ́ sáàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òmìnira. Àmọ́ Jefferson fúnra ẹ̀ ń rí àwọn ẹrú ẹ̀ dáadáa, torí àwọn ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 sí 16 tó ń rọ ìṣó fún un, ó máa ń wọn irin tí wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ìṣó tó mú wá, á kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ọgbà ẹ̀fọ́, àǹtí mi dúró gbagidi. "Wá wò ó, ilá!" Ilá ni lóòótọ́, wọ́n ti ń gbìn ín síbẹ̀ látijọ́ Jefferson. Àǹtí mi rọra ń fọwọ́ pa á bí ẹni pàdé ará ilé.

July 4, 1826 ni Jefferson kú, gbèsè tó fi sílẹ̀ lé ní 100,000 dọ́là. Ẹrú márùn-ún péré ló dá sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún ẹ̀. Joseph Fossett, alágbẹ̀dẹ, wà nínú wọn, àmọ́ Edith ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń se oúnjẹ tí wọ́n ń tò sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ò sí níbẹ̀. Ní January 1827, wọ́n lu Edith àtàwọn ọmọ ẹ̀ ní gbàǹjo. Joseph wá ń wówó kiri láti fi ra ìyàwó àtọmọ ara ẹ̀ padà, ó rí Edith rà, ó rí díẹ̀ rà nínú àwọn ọmọ, wọ́n sì kó lọ sí Ohio.