Ti fọ́ọ̀mù àbí ti òótọ́?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Òjò tún lé wa wọlé ní Kábà lónìí. Aṣọ tí mo sá ṣì wà níta, ó kúkú ti tutù ná.

JSS 1 tuntun ti dé. Ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í fi ìlọ́po bẹ̀rẹ̀ sáà. Mo ní kí oníkálùkù kọ ọjọ́ ìbí ẹ̀ sórí pélébé ìwé, ká wò ó bóyá a máa rí ẹni méjì tí tiwọn bára mu. Wọ́n ní ó tì, ọjọ́ 365 ló wà nínú ọdún! Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá ti pé 23 péré, kó ṣẹlẹ̀ ti rọrùn ju kó má ṣẹlẹ̀ lọ, torí ọ̀nà 253 ló wà tá a lè gbà mú ẹni méjì-méjì lára wọn. Bí wọ́n bá pé 40, nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ 100, bíi 89 ló máa rí i.

Ibi tí mo ti ń pín ìwé ni ọmọbìnrin kan tó ti Bùnú wá ti rọra béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ti fọ́ọ̀mù ni kí n kọ, àbí ti òótọ́?"

Mo ní kó kọ èyí tó bá mọ̀. Ó ní ti òótọ́ ò ní déètì, ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun ni, ìyá àgbà òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá kọ 1/1. Ó fi rọ́bà pa á rẹ́, ó tún un kọ.

Ti fọ́ọ̀mù àbí ti òótọ́. Ṣe ló béèrè é bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá báírò dúdú ni kóun lò tàbí búlúù.

A kúkú rí àwọn tó bára mu. Àwọn mẹ́rin, 1/1 ni gbogbo wọn! Kíláàsì hó yèè, èmi náà pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ìṣirò yẹn gbà pé ọjọ́ kan ò ju ọjọ́ kan lọ. Kò mọ akọ̀wé tó ń kánjú níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé ọjọ́ orí. Àbí kò tiẹ̀ burú? Wọ́n ń pera wọn ní "ìbejì mi" títí di àkókò oúnjẹ. Ọmọ yẹn náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo gbé e rù wálé.

Ẹnìkan ní yàrá olùkọ́ ní kí n máa ṣeré lọ, sílábọ́ọ̀sì ń dúró dè mí. Mi ò dá a lóhùn. Owó oṣù ló ń dùn ún, kì í ṣe tèmi.

Màmá mi náà, tí ẹ bá bi í lọ́jọ́ orí ẹ̀... ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀. Kí ló wá dé tí ti ọmọ yìí fi ń gún mi? Bóyá torí pé, lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tàbí iye yòówù kó jẹ́, ó ti mọ̀ pé ìwé ní tiẹ̀, ilé ní tiẹ̀, kò sì yà á lẹ́nu.

Lọ́la, iye ọmọ tó wà nílé kálukú la máa kọ, ká wá ìpíndọ́gba ẹ̀. Ẹnìkan á ṣáà béèrè bóyá ọmọ ìyá kan bàbá kan nìkan là ń kà.