Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn gòkè tán

Sátidé, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́

Mo parí géèmù Red Dead Redemption 2 lóru àná. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbá a bọ̀, díẹ̀díẹ̀, tí iná bá wà tí iṣẹ́ ò sì sí. Nígbà tó wá dé ìparí pátápátá, John, ẹni tí à ń fi gbá a níparí, ti kọ́lé tiẹ̀ sí Beecher's Hope, ó ti gbé Abigail níyàwó, ara ti tù wọ́n, ni orúkọ àwọn tó ṣe géèmù náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò mi tó jókòó tì mí ti nawọ́ sí páàdì. Ó ní, "Brọ̀dá mi, ó ti tán nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀lù sí i." Mo ní kò tíì tán. Ó ní, "Ṣé orúkọ àwọn òyìnbó yìí lẹ fẹ́ jókòó máa kà ni? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Nínú géèmù yìí gan-an, ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì láti fo àwọn orúkọ yẹn ti pàdánù nínú ìtàn. Àárín àwọn orúkọ yẹn ni wọ́n ti ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn tó kù já sí hàn wá. Mary lọ síbi sàréè Arthur, olólùfẹ́ ẹ̀ àtijọ́ tí à ń fi gbá géèmù náà kó tó kú. Àwọn agbófinró ìjọba méjì, Ross àti Fordham, rí òkú Micah, ọ̀dàlẹ̀ inú ìtàn náà, lórí òkè, wọ́n wá ń tọpa bọ̀ títí wọ́n fi dúró lókèèrè tí wọ́n ń wo ilé John. Ẹni tó bá ti gbá Red Dead Redemption àkọ́kọ́ tó jáde ní 2010 mọ ohun tí Ross yẹn máa fi ojú John rí lẹ́yìn ọ̀la, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń ṣàlàyé, àyà èèyàn á kàn já ni. Ẹni tó bá ti pa á lọ fi bọ́ọ̀lù sí i á rò pé ayọ̀ ni gbogbo ẹ̀ parí sí. Àbúrò mi kò bèèrè páàdì mọ́ nígbà tó rí wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí èyí ni mo ṣe ń dúró o. Géèmù pọ̀ tí wọn ò fi nǹkan kan pamọ́ sáàárín orúkọ, ojú dúdú àti lẹ́tà funfun lásán ni, mo ṣì ń jókòó tì í. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé àwọn èèyàn jà kí orúkọ wọ̀nyẹn tó débẹ̀.

Láyé Atari, iléeṣẹ́ géèmù kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ géèmù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ sí i. Warren Robinett nìkan ló jókòó kọ Adventure, òun nìkan, àwọn ọ̀gá sì ń tà á bí ẹni pé ẹ̀rọ ló bí i. Kí ló ṣe? Ó kọ́ yàrá kan pamọ́ sínú ẹ̀. Dọ́ọ̀tì kékeré kan wà tí àwọ̀ ẹ̀ bá ilẹ̀ mu tí ojú ò lè tètè rí, tó o bá gbé e dé ibi tó yẹ, wàá wọ yàrá kan, orúkọ ẹ̀ lá á sì kí ẹ níbẹ̀ gàdàgbà. Kò sọ fún ẹnì kankan níbi iṣẹ́. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn kí ọmọ ọdún 15 kan ní Salt Lake City tó rí i tó sì kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà. Mo máa ń rò ó, pé èèyàn ní láti fi orúkọ ara ẹ̀ pamọ́ bí ẹrù òfin nínú iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ó sì máa ń dùn mí.

Àwọn mẹ́rin míì ò tiẹ̀ dúró fi nǹkan pamọ́. David Crane, Larry Kaplan, Alan Miller àti Bob Whitehead kúrò ní Atari torí owó àti torí orúkọ, wọ́n wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ géèmù Activision sílẹ̀ ní 1979, orúkọ ẹni tó ṣe géèmù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára páálí ẹ̀.

Ní Japan ńkọ́, orúkọ wà, àmọ́ ìnagijẹ ló pọ̀ níbẹ̀, torí àwọn iléeṣẹ́ ń bẹ̀rù kí iléeṣẹ́ míì má wá fi owó fa òṣìṣẹ́ wọn lọ. Nínú Mega Man ti 1987, "Inafking" ni wọ́n kọ fún Keiji Inafune, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe é. Àti Contra tí gbogbo wa gbá ládùúgbò! Ẹ rántí bí hẹlikópítà ṣe máa ń gbé e jáde, tí erékùṣù yẹn á bú gbàmù, tí orúkọ á wá tẹ̀lé e. "Umechan" wà níbẹ̀. Àìmọye ọmọ ló ti fi géèmù yẹn gbádùn ọlidé láìmọ̀ pé Umechan kan wà láyé. Mi ò bá ọmọdé wí, ní géèmù háùsì pàápàá owó ni wọ́n fi ń ka àkókò, ta ló máa dúró ka orúkọ nígbà tí ẹni tó kàn ti ń mi ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹ. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó wà nínú pálọ̀ ara ẹ̀, tó ti jẹ àjẹyó, kó wá dìde lọ láì yà kí àwọn ìyá tó dáná lẹ́yìn ilé, ìyẹn ò bójú mu lójú tèmi.

Ó sì tún kọjá ìkíni. Orúkọ yẹn ni ẹ̀rí tí òṣìṣẹ́ máa mú lọ síbi iṣẹ́ tó kàn. Nígbà tí géèmù Metroid Dread jáde ní 2021, àwọn kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ sí i wò ó títí, wọn ò rí ara wọn, torí òfin iléeṣẹ́ MercurySteam tó ṣe é ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ ti wà nídìí ẹ̀ fún ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò tí wọ́n fi ṣe é. Kí ló dé? Ẹni tó fi oṣù mélòó kan ya ẹranko kan, ṣé ẹranko náà ò sí nínú géèmù ni? Tí ẹranko bá wọlé, orúkọ ẹni tó yà á gbọ́dọ̀ wọlé.

Nígbà tí mo bá jókòó tì í báyìí, mo máa ń rí nǹkan. Mo máa ń wá orúkọ Yorùbá, mo sì máa ń rí i nígbà míì, Adé kan tàbí Olú kan láàárín àwọn tó ń dán géèmù wò kó tó jáde, ọmọ wa kan tó wà ní London tàbí Canada nìyẹn, inú mi á dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé lọ́jà. Ibòmíì tún wà tí wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ìkókó! Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó gba ọdún tó bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó á ti wáyé láàárín wọn, òkú á ti kú, ọmọ á ti dé.

Èyí tó mú mi jù láyé mi ni géèmù NieR: Automata ti 2017. Tó o bá dé ìparí tó kẹ́yìn, àwọn orúkọ náà fúnra wọn ló máa dojú ìbọn kọ ẹ́, wàá máa yìnbọn sí wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á pa ẹ́, wọ́n á tún pa ẹ́, agbára ẹ ò lè ká a. Wọ́n á wá bi ẹ́ bóyá o máa gba ìrànlọ́wọ́. Tó o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ àwọn tó ti gbá a rí ní orílẹ̀-èdè míì á yí ẹ ká, wọ́n á máa gba ọta fún ẹ, èyí tó bá kú nínú wọn, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ohun tí ẹni yẹn tọ́jú ti parẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á bi ìwọ náà: ṣé o fẹ́ fi gbogbo save tìẹ, ìyẹn ibi tí géèmù tọ́jú gbogbo ohun tó o ti ṣe sí, sílẹ̀, kó o fi ran ẹnì kan tó ò mọ̀ lọ́wọ́? Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún bi mí, wọ́n ní ẹni tí mo fẹ́ ràn lè jẹ́ ẹni tí mo kórìíra, kò sì ní mọ̀ pé èmi ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun ìjà tí mo kó jọ, gbogbo ibi tí mo dé, wọ́n pa á rẹ́ lójú mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀ títí dòní. Àbúrò mi ò tíì gbá ìyẹn. Tó bá di ọlidé, mo máa fi sí i fún un, mi ò sì ní sọ ohun tó wà níparí ẹ̀.