Ogun tí à ń fetí wò: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tó fẹ́ máa ṣe eré rédíò

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká fi ìbọn sílẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ìwé eré ogun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá yín to ohùn rẹ̀, ìbọn ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bọ́ǹbù ló ń parí rẹ̀. Ariwo kì í pẹ́ sú etí. Kò ní tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí ìbọn yín á fi dà bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò: ó ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù ni eré etí tí iléeṣẹ́ Big Finish ń ṣe nílùú Ọba látinú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC nípa arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Doctor, tó ń rìn láti ìgbà dé ìgbà, pàápàá èyí tó dá lórí Ogun Àkókò. Àwọn Time Lord, ìran Doctor fúnra rẹ̀, láti ayé kan tó ń jẹ́ Gallifrey, àti àwọn Dalek, àwọn ẹ̀dá tó ń gbé inú irin, ni wọ́n ń bá ara wọn jà. Ilẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí, àná àti ọ̀la wà nínú ìkógun. Ìlú tí wọ́n gbà lónìí, ọ̀tá lè padà sí àná kó lọ rí i dájú pé ẹnikẹ́ni ò tẹ ìlú náà dó rárá. Lọ́dún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu ba ogun yìí lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì jẹ́ kó wà lẹ́nu lásán bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọdún 2013 ni òṣèré John Hurt tó jáde gẹ́gẹ́ bí Doctor tó ja ogun náà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2015, Big Finish gbé ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ nínú eré etí tirẹ̀ jáde. Nicholas Briggs ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Ìdìpọ̀ mẹ́rin ni Hurt ṣe nínú rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2017 ni ìkẹrin jáde, Hurt sì ti kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ọdún hàn nínú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Doctor bá ọmọbìnrin kan pàdé tó ń jẹ́ Rejoice. Ohùn ọ̀dọ́ ni, ó yá lẹ́nu, ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Nígbà tó yá, Doctor padà sí ayé kan náà, Rejoice tún wá bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ohùn àgbà obìnrin lẹ gbọ́. Lọ́dọ̀ Doctor, ìgbà díẹ̀ ló kọjá. Lọ́dọ̀ Rejoice, ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ẹni tó ń gbọ́ ti mọ ohun tí ogun yìí ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, láìsí ìbọn kan tó dún. Ká ní èmi ni mo ní kí ẹ kọ ìran yẹn, mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín á fi asọ̀tàn sí i: "Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún…" Ẹ pa asọ̀tàn yẹn rẹ́. Ẹ lọ wá òṣèré tó dàgbà.

Ohùn ibi kọ̀ọ̀kan náà ńkọ́? Nínú ìtàn tó ń fò láti ìgbà dé ìgbà, ẹni tó ń gbọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó balẹ̀ sí kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ìró ọkọ̀ tí Doctor fi ń rìn nínú àkókò ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún 1963. Brian Hodgson, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tó ń ṣẹ̀dá ìró fún BBC, ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha okùn dùùrù àlòkù kan, ó gbà á sílẹ̀, ó wá ń lọ́ ọ síwá sẹ́yìn títí ó fi di nǹkan mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ àti dùùrù, ẹ ò rí nǹkan! Kí ẹ tó lọ máa wa ìró kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ilé yín. Ìró tí ẹ bá ti yàn fún ọjọ́ iwájú, ẹ má tún lò ó fún àná nítorí pé ó dùn.

Ọ̀rọ̀ ohùn Dalek ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀, torí gbogbo yín lẹ fẹ́ràn ohùn ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n ń kó ohùn òṣèré àti ìró kan tó rẹlẹ̀ gan-an, nǹkan bí 30 Hz (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), sínú ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì. Bí ohùn èèyàn bá wà ní 200 Hz, ohun tó ń jáde ni 170 àti 230 pọ̀. Ohùn tó wọlé gan-an kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ̀n, tó sì ń dẹ́rù bani. Ó ṣiṣẹ́ fún Gẹ̀ẹ́sì, torí pé Gẹ̀ẹ́sì lè pàdánù ìgbésókè-gbésódò ohùn kí ọ̀rọ̀ ṣì yéni. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gágun onírin kan pàṣẹ pé "Ẹ gbé ọkọ̀ wá," kí ẹ tì í gba inú ẹ̀rọ yẹn kọjá, bóyá ọkọ̀ ni àwọn ọmọ ogun máa gbé wá ni o, bóyá ọkọ́ ni, bóyá ọkọ ẹnì kan ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń fi ohùn òṣèré tí a ò fọwọ́ kàn sábẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ti lọ́, kí àmì ohùn lè ríbi gbà jáde. Mo sì máa ń sọ fún òṣèré pé kó má fi ohùn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ, kó sọ Yorùbá rẹ̀ ketekete, kó kàn máa já a ní gbólóhùn kúkurú. Ẹ̀rọ á ṣe ìyókù.

Àìsàn kan tún wà lára ìwé eré yín: "Háà, wò ó, ọkùnrin kan ń bọ̀, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀!" Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn nígbà tí ìbọn ń bọ̀? Ẹni tó rí ìbọn á dákẹ́, tàbí kó pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹsẹ̀, kí a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kẹ́ ìbọn, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì já ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí agbede méjì. Hurt mọ èyí dáadáa. Ohùn rẹ̀ ti ha, ó sì máa ń jẹ́ kí gbólóhùn rọlẹ̀ níparí, bí ẹni tó ti rí ohun tí kò fẹ́ rò. Òṣèré tó bá mọ bí a ti ń mí níwájú máìkì wúlò fún yín ju ẹgbẹ̀rún ìró bọ́ǹbù lọ.

Ohun tó kù jẹ mọ́ ọwọ́ èmi tí mo ń to ohùn. Ẹ gba ohùn olúkúlùkù sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ wọnú máìkì ẹlòmíràn. Bí ẹ ò bá ní yàrá púpọ̀, ẹ fi aṣọ òfì tàbí búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn gé yàrá kan sí méjì. Bí ohùn Dalek àti ohùn ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ bá ti wọnú ara wọn, mi ò lè lọ́ ọ̀kan láìlọ́ èkejì. Ẹ má fi orin sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ má sì fi ìró kankan sí i. Ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn fúnra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ pa fáànù, kí ẹ sì kọ orúkọ ìran náà sí i lára; òun ni mo máa fi dí àlàfo àárín ọ̀rọ̀.