Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ wo adìyẹ yín lóru: ohun tí ikú Ìyá Àgbà kọ́ mi

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá báyìí, àmọ́ tí mo bá dé ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, ibi tó máa ń sàba sí lojú mi ṣì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pe àgbébọ̀ mi yìí torí òun ni mo kọ́kọ́ rà, òun náà ló sì sàba lé ẹyin tó di èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Mò ń kọ ọ́ nísinsìnyí tó ṣì ń dùn mí, torí tí mo bá jẹ́ kó tutù tán, mo mọ̀ pé mi ò ní sọ ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ní adìyẹ mẹ́fà, mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé, ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹyin ni mo kọ́kọ́ rí. Àgbébọ̀ mẹ́sàn-án àti àkùkọ kan ni mo ní, ẹyin mẹ́fà méje ni mo máa ń kó lójúmọ́, ó wá di mẹ́ta, ó di méjì. Mo ní ṣèbí ìyẹ́ wọn ló ń re, adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ bá ń re kì í yé dáadáa. Òótọ́ ni o, ṣùgbọ́n ìyẹ́ wọn ò re kankan, mi ò kàn fẹ́ da ara mi láàmú ni. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, wọn ò wọlé mọ́ nírọ̀lẹ́. Àwọn adìyẹ tó jẹ́ pé tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fúnra wọn ni wọ́n ń tò wọlé, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á na ọrùn wo inú ilé, wọ́n á sá padà, àwọn kan á fò lọ sórí ògiri. Mo rò pé ejò ló wọbẹ̀, mo mú igi dání, mo tú gbogbo ilé náà wò lọ́sàn-án gangan, mi ò rí nǹkan kan. Ni mo bá ń lé wọn wọlé. Alaalẹ́ ni mò ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń tì wọ́n wọlé, mò ń tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Adìyẹ ń sọ fún mi pé nǹkan wà nínú ilé yìí, èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi gbé wọn lọ bá a.

Ogbe wọn tó máa ń pupa fòò wá ń ṣá. Mo ní aràn ni, mo fún wọn lóògùn aràn, kò yí padà. Mo tún bu antibáyótíìkì tó kù nílé sínú omi wọn fún ọjọ́ mẹ́ta láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn náà ò ṣe nǹkan kan. Gbogbo àsìkò yẹn, Ìyá Àgbà wà lórí ẹyin mọ́kànlá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé adìyẹ tó ń sàba kì í fi bẹ́ẹ̀ dìde, bóyá ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ kó jẹun, kó mumi, kó yàgbẹ́, á tún padà, ọjọ́ mọ́kànlélógún ló sì máa fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé ó ń rù. Mo ní bí adìyẹ tó ń sàba ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ló kú. Ọmọ mi ọkùnrin ló lọ fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀, ó sáré padà wá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo Ìyá Àgbà, ó sùn, kò jí." Mo débẹ̀, ó jókòó bó ṣe máa ń jókòó gẹ́lẹ́, apá rẹ̀ méjèèjì ṣì bo ẹyin, orí rẹ̀ nìkan ló ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ ò tíì le. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kí n lè yọ ẹyin, ẹyin ti tutù, ara wọn rí tóótòòtó bí ìgbà tí wọ́n bu ata lílọ̀ wọ́n ọn. Kí n tó yọ ọwọ́ jáde, ara mi ti ń rìn mí. Mo wo apá mi, àwọn nǹkan kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ló ń gùn ún lọ sókè, wọ́n ti dé ìgúnpá, àwọn kan rí bí eérú, àwọn kan pupa. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni. Ogbe rẹ̀ ti funfun báláú, inú ẹnu rẹ̀ náà funfun, kò sẹ́jẹ̀ kankan lára rẹ̀ mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún, ojú ò tì mí láti sọ ọ́. Àwọn kan á ní adìyẹ lásán ni. Kì í ṣe adìyẹ lásán lójú mi. Ẹyin mọ́kànlá yẹn, kò sí ọ̀kan tó di òròmọdìyẹ.

Dókítà ẹran tí mo pè, ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ bi mí: "Mà, ṣé ẹ ti lọ wò wọ́n lóru rí?" Mi ò lọ rí. Ó ní kí n mú tọ́ọ̀ṣì àti pépà funfun, kí ilẹ̀ ṣú, kó tó wákàtí kan sí méjì, kí n wá fi pépà náà nu abẹ́ igi tí wọ́n ń bà lé. Mo nù ún lẹ́ẹ̀kan péré, ìlà ẹ̀jẹ̀ gbọọrọ ló wà lórí pépà. Mo tan iná sí ibi tí igi ti wọnú ògiri, wọ́n wà níbẹ̀ bámúbámú, wọ́n ń rìn lórí ara wọn, wọ́n ń to lẹ́sẹẹsẹ lọ sí ẹsẹ̀ àwọn adìyẹ. Àwọn adìyẹ náà ò sùn. Wọ́n kàn ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ń gbé èkejì, nínú òkùnkùn.

Red mite ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Inú ihò pátákó ló ń gbé lọ́sàn-án, tílẹ̀ bá ṣú á jáde wá mu ẹ̀jẹ̀, tó bá yó á padà sínú ihò. Ìdí nìyẹn tí mo fi tú ilé lọ́sàn-án tí mi ò rí nǹkan kan, tí mo tún yẹ ara wọn wò lọ́sàn-án tí mi ò rí nǹkan kan. Adìyẹ tó bá ń sàba kò sì ní ibi tó máa sá lọ.

Bá a ṣe lé wọn lọ kò gùn. A kó adìyẹ síbòmíì, a dáná sun gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ilé wọn, a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo ojú pátákó, a fọ́n oògùn tí dókítà kọ fún wa sínú gbogbo ihò, a tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a tún tún un ṣe torí oògùn kì í pa ẹyin wọn, a wá dí àwọn ihò náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹyin ti ń padà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ẹ̀ nìyí, ká tiẹ̀ ní ẹ ò mú òmíì: ẹ lọ lóru. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tọ́ọ̀ṣì àti pépà funfun. Ẹ wo abẹ́ igi, ẹ wo ibi tí igi àti igi ti pàdé, ẹ wo abẹ́ àpótí tí wọ́n ń yé sí. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó rí bí eérú sìgá lẹ́bàá ihò, ẹ má rò pé eruku ni. Nígbà tójú ọjọ́ bá gbóná, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin wọn ti di ńlá tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì rò pé ilé tí adìyẹ ò sí nínú ẹ̀ fún oṣù méjì ti mọ́, red mite lè lo oṣù bíi mẹ́jọ láìjẹun. Ilé lẹ ó tọ́jú, kì í ṣe adìyẹ nìkan.

Ẹnì kan ti sọ fún mi pé ìdọ̀tí ló fà á. Mo ń gbá ilé wọn ní gbogbo Sátidé, mo ń pààrọ̀ ohun tí mo tẹ́ sílẹ̀. Igi ló ń gbé, kì í ṣe ìgbẹ́. Ẹyẹ igbó lè gbé e wá, àpótí ògbólógbòó lè gbé e wá, mo sì gba àpótí ìyésí kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, mi ò fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e wọlé. Adìyẹ tuntun náà, ọgbọ̀n ọjọ́ ni kó fi wà lọ́tọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ má fún wọn lóògùn kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, bí mo ṣe ṣe. Ogbe tó ń ṣá lè jẹ́ aràn, lè jẹ́ kókíídíósísì, ìyẹn àrùn inú ìfun adìyẹ, lè jẹ́ iná adìyẹ, ìyẹn kòkòrò inú ìyẹ́, lè jẹ́ èyí tó pa Ìyá Àgbà. Òròmọdìyẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ ni kókíídíósísì sábà máa ń mú, wọ́n á ká jọ, ìyẹ́ wọn á dìde, ẹ̀jẹ̀ á wà nínú ìgbẹ́. Amprolium nínú omi ni oògùn rẹ̀, ẹ má fi fítámì B1 sí i lásìkò yẹn torí ó máa ń bà á jẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, ọ̀rinrin ló ń gbé e dìde. Ìgbẹ́ aláwọ̀ igi tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò ní ẹ̀jẹ̀, kò burú. Ti aràn, ẹ gbé ìgbẹ́ lọ fún dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára ju kẹ́ ẹ máa fún wọn lóògùn nígbàkugbà.

Iná adìyẹ ni èyí tẹ́ ẹ lè rí lọ́sàn-án. Ẹ ya ìyẹ́ abẹ́ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ ó rí i tó ń sáré, ó ní àwọ̀ koríko gbígbẹ, ẹyin rẹ̀ sì máa ń dì mọ́ ìdí ìyẹ́ bí òwú. Òun ń gbé ara adìyẹ ní tiẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lẹ tún máa lo oògùn lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ má bàa rí iná lọ́sàn-án kẹ́ ẹ sì gbà pé ó ti tán, kẹ́ ẹ má lọ lóru mọ́.

Ẹsẹ̀ tí ìpẹ́ rẹ̀ ń dìde, kòkòrò ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fi fásílíìnì pa á, ẹ má ya ìpẹ́ náà. Lúkúlúkú, ìyẹn àrùn Newcastle, ọrùn á lọ́, ìgbẹ́ á di àwọ̀ ewé, kò ní oògùn, àjẹsára ló wà fún un. Tí adìyẹ bá kú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pe dókítà, ẹ má pa èyí tó kù jẹ, ẹ má tà á. Ẹ bi dókítà iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin lẹ́yìn oògùn.

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Àwọn adìyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́ títí wọn ò fi lè dìde mọ́. Tí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì wọ́n. Ẹ gbà wọ́n gbọ́, kẹ́ ẹ lọ wò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mẹ́jọ tó kù àti àkùkọ ń tò wọlé fúnra wọn báyìí. Mo lọ lálẹ́ àná, mo fi pépà nu abẹ́ igi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, funfun ló jáde. Mo tún ń lọ lálẹ́ òní.