Tíì eléso fún ìpàdé ẹbí: ohun tó ń wọ iná àtohun tí ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́

Nílé ọkọ mi níbí n'Ìbàdàn, tí ìpàdé ẹbí bá ti ń bọ̀, àwa ìyàwó ilé la máa ń pín iṣẹ́ láàárín ara wa, ẹnì kan á gba àmàlà, ẹnì kan á gba ẹran, èmi ni wọ́n gbé ti mímu kọ́ lọ́rùn látìgbà tí owó páálí mínírà ti kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀rín. Zobo ò burú o, àmọ́ kò sí òde téèyàn máa dé láti Challenge títí dé Mọ́níyà tí ò ní bá zobo nínú ike, ó ti sú àwọn mìíràn. Tíì eléso ni mo mú ní tèmi: Lipton, ọ̀pẹ̀yìnbó, ọsàn, atalẹ̀, ṣúgà, kó wá tutù nini. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ò ju pé wọ́n á da gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá máa sè é bí ẹni ń se àgbo. Nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ rí iná, nǹkan kan wà tí ò gbọdọ̀ rí i rárá, tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Fún kúlà lítà 10, tó máa tó bí èèyàn 40 mu ní ife kọ̀ọ̀kan, ẹyọ Lipton 20, ọ̀pẹ̀yìnbó ńlá 3, ọsàn mímu bí 20, ọsàn wẹ́wẹ́ 6, atalẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, kànáfùrù bí ẹyọ 10, àti ìlàjì kílò ṣúgà. Ṣúgà yẹn lè kéré lójú àwọn kan, ẹ rántí pé èso fúnra ẹ̀ dùn.

Bódìjà ni mo ti máa ń ra èso, ẹ jí lọ. Ẹ má fojú nìkan ra ọ̀pẹ̀yìnbó, ẹ gbé ìdí ẹ̀ sí imú, tó bá ń ta sánsán ó ti pọ́n nìyẹn, tí ìdí ẹ̀ bá ti rọ̀ tó sì ti ń gbóòórùn ọtí, ẹ rọra gbé e padà fún ìyá ọlọ́jà, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín sí wọn kí wọ́n má bàá bínú. Ní ti ọsàn, ẹ má dààmú ara yín lórí àwọ̀. Ọsàn tiwa lè tutù yọ̀yọ̀ léèpo kí inú ẹ̀ ti pọ́n dáadáa, torí òtútù òru ló máa ń sọ èèpo ọsàn di pupa láwọn ìlú tí òtútù ti ń mú, ooru tiwa ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá wúwo lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ mú, omi ló wà nínú ẹ̀ yẹn.

Lipton wo? Èyí tó bá wà nílé. Èmi fẹ́ràn Highland Tea, ti Taraba, orí òkè Mambilla ni wọ́n ti ń gbin ewé ẹ̀. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé tíì ń hù ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ níbí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ kòkó, tíì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí, òun àti kòkó, obì, kọfí pẹ̀lú kajú.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iná. Ìyálé mi kan ló kọ́ mi pé èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó kì í ṣe dídànù, mo sì gbà wọ́n lọ́gàá lórí ìyẹn. Kẹ́ ẹ tó bó o, ẹ fi omi iyọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ẹ̀ dáadáa, torí ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ẹ wá kó èèpo ẹ̀ àti igi àárín ẹ̀ sínú omi bíi lítà 5, ẹ gún atalẹ̀ sí i, ẹ ju kànáfùrù sí i, kó hó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí tó fi máa kù bíi lítà 4. Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé á ti máa béèrè ohun tẹ́ ẹ ń sè. Tó bá ti hó tó, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Omi yìí gan-an la máa fi pò tíì, kì í ṣe omi lásán.

Ibí yìí ni mo ti máa ń bu tàwọn ọmọdé sọ́tọ̀, kí Lipton tó débẹ̀, torí kaféènì wà nínú tíì, ọmọ tó bá mu ife méjì nírọ̀lẹ́ ò ní sùn, òbí ẹ̀ náà ò sì ní sùn. Ẹ kàn fi ṣúgà díẹ̀ àti ọsàn sí tiwọn, wọn ò ní mọ̀.

Ẹ gbé omi tó kù padà sórí iná, tó bá ti hó ẹ pa iná. Ìgbà tí iná bá kú ni Lipton ń wọlé, ẹ dé e, ìṣẹ́jú 5, ẹ yọ ọ́. Ẹ má sè é, ẹ má sì fún àpò ẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Tó bá pẹ́ nínú omi gbígbóná ó máa korò, ó sì máa gan ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ kó le, kó fi ẹyọ Lipton kún un, kó má fi ìṣẹ́jú kún un.

Kí ṣúgà tó wọ̀ ọ́, ẹ bu jọ́ọ̀gì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kò sí ẹbí tí ò ní wọn. Ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fún sí tiwọn. Omi ọ̀pẹ̀yìnbó àti ti ọsàn náà ṣúgà ni, àwọn àgbà kan á máa sọ pé “èso ṣáà ni”, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ wá da ṣúgà sí èyí tó kù nígbà tó ṣì ń gbóná, ẹ rò ó. Ẹni tó bá dúró kó tutù kó tó fi ṣúgà sí i, gbogbo ẹ̀ ló máa sùn sí ìsàlẹ̀ kúlà, àwọn tó kọ́kọ́ bu á máa yínmú, ẹni tó bá gbẹ̀yìn á mu omi ṣúgà.

Ara ọ̀pẹ̀yìnbó, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun kan wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó tútù tí wọ́n ń pè ní bromelain, òun ló ń ta wá láhọ́n, iná sì ń pa á. Ọsàn ni ò gbọdọ̀ rí iná, adùn ẹ̀ á yí padà kíá. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi fún un, ẹ má gbé e sí bílẹ́ńdà, torí tí kóró àti awọ funfun ẹ̀ bá lọ̀ mọ́ ọn, kò ní hàn lójú ẹsẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ó ti korò.

Ẹ jẹ́ kí tíì tutù fúnra ẹ̀ lórí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá gbé e wọ fíríìjì ní gbígbóná ó lè dà bí èyí tó dọ̀tí, kò bàjẹ́ o, omi gbígbóná díẹ̀ á tún là á. Tó bá ti tutù, ẹ da omi ọ̀pẹ̀yìnbó àti ti ọsàn sí i, kẹ́ ẹ wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ kádìí ẹ̀. Ẹ máa wo àwọ̀ ẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá ṣe ń kán sí i, dúdú ẹ̀ á fà sẹ́yìn, á wá pọ́n fòò.

Áìsì blọ́ọ̀kì tí wọ́n ń tà, a ò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, ìta ike ni kó máa wà, kó má wọ inú mímu. Píọ̀ wọ́tà ni mo máa ń fọ̀ lára tí mo sì máa ń gbé sí fíríísà láti ọjọ́ méjì ṣáájú torí àwọn oníná ò ṣeé gbára lé, màá wá jù ú sínú kúlà pẹ̀lú náílọ̀n ẹ̀, kó mú un tutù láì là á lómi. Lítà bíi 3 tó kù kí kúlà kún, omi tútù ni kẹ́ ẹ fi dí i, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa tọ́ ọ wò.

Ẹ má gbé e jáde pẹ̀lú àmàlà. Tíì kì í jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, gbà dáadáa, àwọn aláboyún àtàwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó, ó dáa kí wọ́n jẹun tán, kó pé wákàtí kan kí wọ́n tó mu ún. Bàbá àgbà kan á sì wà dandan tó máa ní kẹ́ ẹ bu mílíìkì sí tòun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ po tíì mìíràn fún wọn lọ́tọ̀, torí ọsàn wẹ́wẹ́ máa dì í mọ́ra wẹ́rẹwẹ̀rẹ, wọ́n á sì ní ẹ fẹ́ fún àwọn ní nǹkan tó ti bàjẹ́.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, fíríìjì, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kejì lọ, tó bá ti ń hó ìfóòfó ẹ dà á nù. Nílé tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, inú náílọ̀n kéékèèké ni mo máa ń dì í sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, láti inú jọ́ọ̀gì tàwọn ọmọ, kó dì gan-in, wọ́n á máa fà á lá tí wọ́n bá ti iléèwé dé.